Oògùn Eegun tí Mo Fi sí Èrìgì

Ìṣubú náà kò tó ohun tí ènìyàn ń ròyìn. Orí pákó tí a fi bo gọ́tà níwájú ilé wa ní Mafoluku ni mo ń gbà kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún yọ̀, mo sì fi ọwọ́ òsì tẹ ilẹ̀ kí n má baà fi ojú gbá simẹ́ǹtì. Gbogbo rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí mi kò tilẹ̀ kan ilẹ̀. Mo dìde, mo tún ìró mi ró, mo bú pákó náà díẹ̀, mo sì bá ọ̀nà mi lọ sí Bọ́ládé, níbi tí mo ti ń ta bọ́tìnì, òwú, síìpù àti oríṣiríṣi nǹkan tí àwọn télọ̀ ń lò. Nígbà tí mo fi máa dé ìsọ̀, ọrùn-ọwọ́ mi ti wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi, n kò sì lè yí kọ́kọ́rọ́ nínú àgádágodo.

Obìnrin tó ń ta sálúbàtà ní ìsọ̀ tó tẹ̀lé tèmi ló bá mi ṣí i. Mo fi bí ọdún mẹ́jọ jù ú lọ. Ó máa ń pè mí ní Àlàájà, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ dájú pé n kò tíì fojú kan Mẹ́kà. Ó ní òun ń pè é sílẹ̀ dè mí ni.

"Àlàájà, kí lẹ fọwọ́ gbá?"

"Ilẹ̀ ni."

"Ilẹ̀ wo? Ilẹ̀ tí gbogbo wa ń tẹ̀ yìí náà?"

"Mo yọ̀ ni, mo wá fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ kàn fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ wá dà báyìí. Tẹ́ ẹ bá wá fi ẹ̀ṣẹ́ gbá a ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Bí a ṣe dé ilé ìwòsàn kan lápá Ìsọlọ̀ nìyẹn. Wọ́n ya fọ́tò eegun ọwọ́ náà, wọ́n ní ó ti sán. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni dókítà tó rí mi, kì í gbé ohùn sókè. Ó gbé fọ́tò náà sójú iná, ó wò ó, ó wò mí, ó tún wò ó.

"Màmá, orí àkàbà lẹ ti já bọ́ ni?"

"Rárá o. Mo kàn yọ̀ ni."

"Irú ìyọ̀ báyìí kò yẹ kó ṣẹ́ eegun."

Ó ní kí n súnmọ́ fọ́tò náà. Ó ní eegun tó bá le máa ń funfun, á dì, ṣùgbọ́n kí n wo tèmi. Mo wò ó. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí òwú rẹ̀ ti ń jìnnà síra wọn, tó jẹ́ pé bí ẹ bá nà án sójú oòrùn, ẹ óò máa rí ẹni tó ń kọjá ní ìta. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó ní bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ìgbà tí nǹkan oṣù mi dúró. Mo wo ọ̀rẹ́ mi onísálúbàtà, ọ̀rẹ́ mi wo òkè àjà. Mo ní ọdún tí àbíkẹ́yìn mi jáde ilé ìwé girama ni, ọmọ náà sì ti bí ọmọ báyìí. Ó mi orí. Ó ṣàlàyé pé nǹkan kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó máa ń bá a ṣọ́ eegun, pé bí nǹkan oṣù bá ti lọ, olùṣọ́ náà á bá a lọ, eegun á wá máa fúyẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ibì kankan ń dun ènìyàn, àfi ọjọ́ tó bá ṣubú. Èmi náà bi í ní ìbéèrè, nítorí bí mo ṣe rí láti kékeré nìyẹn. Mo bi í bóyá eegun ọkùnrin náà ní olùṣọ́. Mo bi í ibi tí èyí tó fúyẹ́ lára eegun ń gbà jáde. Ó dá mi lóhùn gbogbo rẹ̀ láìkánjú. Àfi ìgbà tí òun náà wá bi mí ní èyí tí n kò retí.

"Eyín yín ńkọ́, Màmá? Ṣé ìkankan kò mì? Ṣé èrìgì yín kì í ṣẹ̀jẹ̀?"

Ọwọ́ ni mo gbé wá, eyín ló ń béèrè. Bó ti yà mí lẹ́nu tó, n kò bi í ní ìdí rẹ̀. Mo yára dáhùn.

"Eyín mi le koko, dókítà."

Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbí, kí n sọ ìdí tí mo fi pa á.

Mo ní èjí láàárín eyín iwájú mi lókè. Ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mo ti jogún rẹ̀, ní ìlú wa lápá Òkè-Ògùn. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, àwọn ènìyàn a máa dá mi dúró lọ́nà odò pé kí n rẹ́rìn-ín kí àwọn rí i. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kò tíì bi mí ní orúkọ tó fi ní kí n tún ohun tí mo sọ sọ, kò sì sí nǹkan tó ṣàjèjì nínú ọ̀rọ̀ náà, ó kàn fẹ́ kí ẹnu mi là ni. Títí di òní, ọ̀pọ̀ télọ̀ tó ń rajà lọ́wọ́ mi kò mọ̀ mí sí nǹkan mìíràn ju Ìyá Eléjí lọ. Wọn a máa rán àwọn ọmọṣẹ́ wọn pé, "Ẹ bá mi ra òwú dúdú lọ́wọ́ Ìyá Eléjí."

Ó wá ti tó nǹkan bí oṣù márùn-ún nígbà náà tí eyín tó wà lápá òsì èjí náà ti ń mì. Bí mo bá fi pákò rin ẹnu láàárọ̀, ẹ̀jẹ̀ á bá itọ́ jáde. Bí mo bá fi ahọ́n tì í, ó ń lọ, ó ń bọ̀. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó sọ. Wọn a bá wọn yọ ọ́. Bí wọ́n bá sì yọ eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjí, kò tún sí èjí mọ́ nìyẹn, ihò lásán ni. Eyín méjì ló ń ṣe èjí, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Tí ọ̀kan bá lọ, ẹlẹ́ẹ̀kejì kò lè dá a ṣe.

Dókítà náà gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́. Ó ní òun bi mí nítorí pé oògùn tí òun fẹ́ fún mi máa ń pẹ́ nínú eegun, pé ó dára kí dókítà eyín ti yẹ ẹnu wò kí ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, pàápàá ẹni tí eyín rẹ̀ bá ń yọ ọ́ lẹ́nu. Hóró kan lọ́sẹ̀ kan ni. Láàárọ̀, kí n tó fi ohunkóhun kan ẹnu, kí n fi ife omi kan tó kún gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu, Màmá. Ẹ má jẹ́ kó dúró lẹ́nu rárá. Kí ẹ jókòó ṣánṣán tàbí kí ẹ dìde dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má dùbúlẹ̀."

"Kí ló dé tí n kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀?"

"Ó máa ń jó ọ̀nà ọ̀fun bó bá há síbẹ̀."

Mo mú ọjọ́ Jímọ̀ fún un, kí n má baà gbàgbé. Mo máa ń kírun ìdájí tán kí n tó gbé e mì, kí n má baà dorí kodò pẹ̀lú oògùn lọ́nà ọ̀fun. Èyí ni kí ẹ fi mọ̀ pé mo gbọ́ ohun tí wọ́n wí, ó sì yé mi. Odindi Jímọ̀ mẹ́rin ni mo fi ṣe é bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ Àìkú kan lẹ́yìn náà, ní àsàlátù wa, wọ́n pe nọ́ọ̀sì kan láti wá bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ nípa ara wọn. Ó jókòó, ó sọ̀rọ̀ eegun. Ó sọ ti ìbàdí, ó sọ ti ẹ̀yìn tó ń tẹ̀, ó wá sọ èyí tó mú mi sún síwájú lórí ẹní.

"Eegun tó gbé eyín yín dúró, eegun náà ni, ẹ̀yin ìyá mi. Tí ti ìbàdí bá ń tín-ín-rín, ti ẹnu náà lè máa tín-ín-rín. A tiẹ̀ máa ń rí ẹlòmíràn tó ń lo oògùn eegun, tí a ó sì rí i pé èrìgì rẹ̀ náà dára ju ti àwọn tí kò lò ó lọ."

Mo nawọ́. "Nọ́ọ̀sì, a gbé oògùn mì, ó lọ sínú ikùn. Báwo ló ṣe ń mọ ọ̀nà padà sí ẹnu?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Á béèrè lọ́wọ́ ọlọ́kadà ni." Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín, ó ní inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, ó fẹ́ ṣàlàyé sí i, ṣùgbọ́n ááfà ti ń wo aago, àdúrà sì yá. Bí ìbéèrè mi ṣe há sí ìdajì nìyẹn, mo gbé e lọ sílé.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo bá ti ń ka bọ́tìnì, ohun tó wà lọ́kàn mi ni ìrìn-àjò hóró oògùn yẹn. Ó máa kọ́kọ́ dé ikùn. Ó máa wọ ẹ̀jẹ̀. Ó máa dé ìbàdí, ìbàdí sì tóbi, á mú tirẹ̀. Ó máa dé itan. Ó máa dé ọwọ́ mi tó sán, ìyẹn náà á mú tirẹ̀. Kí ló máa wá kù tó bá fi máa dé ìdí eyín kan ṣoṣo lókè ẹnu? Ẹ rántí pé ọ̀dọ̀ wa níbí, ojú ibi tó bá ń dun ènìyàn ni a ń fi oògùn sí. Bí ọmọ bá fi orúnkún gbálẹ̀, a ó já kápúsù aláwọ̀ méjì, a ó da ìyẹ̀fun inú rẹ̀ sójú egbò. Bí eyín bá luhò, a ó lọ oògùn orí fífọ́, a ó kì í sínú ihò náà. Kò sí ẹni tó kọ́ wa, a bá a nílé ni. Èmi tí mo ti tọ́ ọmọ márùn-ún, mélòó ni mo já kápúsù sí lára? Mo wá ní kí ló dé tí n kò fi gé ọ̀nà kúrú fún oògùn eegun yìí.

Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, mo fi abẹ gé hóró náà sí méjì. Mo fi omi gbé ìdajì mì fún ọwọ́. Mo fi òwú funfun díẹ̀ wé ìdajì kejì, mo kì í sáàárín ètè àti èrìgì, lókè eyín tó ń mì. Mo wá jókòó ṣánṣán lórí àga, ẹ̀yìn mi nà, n kò fara ti nǹkan kan, mo sì ń wo aago, nítorí dókítà ní kí n jókòó ṣánṣán fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mo pa àṣẹ yẹn mọ́ pátápátá.

Ó ta mí. Ó ta bíi ata tó bọ́ sójú ọgbẹ́. Inú mi dùn sí i. Mo ní oògùn ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Jímọ̀ kejì, mo tún ṣe é, títa rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó fi máa di Àìkú, èrìgì mi níbẹ̀ ti funfun, awọ rẹ̀ ń ṣí. Ní Ọjọ́ Ajé, ọbẹ̀ tí kò ní ata rárá ni mo ń jẹ, tútù sì ni. Ètè mi lókè wú. N kò lè rẹ́rìn-ín láìfi ọwọ́ bo ẹnu.

Ọ̀rẹ́ mi onísálúbàtà fi ọjọ́ méjì wò mí.

"Àlàájà, ẹ ti wá dàgbà tójú ń tì yín ni? Ìyàwó tuntun ló máa ń bo ẹnu báyìí."

"Fi mí sílẹ̀."

"Àwọn oníbàárà ń béèrè Ìyá Eléjí, ẹ ń fi ẹ̀yìn dá wọn lóhùn. Ẹ yọ ọwọ́, ẹ jẹ́ kí n rí i."

Mo yọ ọwọ́. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti pátákó ìsọ̀ rẹ̀, ó ti tèmi, ó ní ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni à ń lọ lójú ẹsẹ̀ yẹn, pé bí mo bá sọ pé rárá, òun á pariwo kí gbogbo Bọ́ládé gbọ́. Mo mọ̀ ọ́n. Á pariwo.

Ilé ìwòsàn kan náà ní Ìsọlọ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ kejì. Ọmọdébìnrin kan ni dókítà eyín, kò ju àbíkẹ́yìn mi lọ, ó fa ìbomú rẹ̀ sí àgbọ̀n kí n lè rí ojú rẹ̀ nígbà tó ń kí mi. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kó tó jókòó, mo fẹ́ràn ìyẹn. Ó ní kí ọ̀rẹ́ mi náà jókòó sí igun. Ó tan iná sí mi lẹ́nu. Ó fi ìdí irin méjì mú eyín náà láàárín, ó tì í jẹ́jẹ́, mo rí i lójú rẹ̀ pé ó mì ju bó ṣe fẹ́ lọ. Ó wá gbé ètè mi sókè.

"Màmá, kí lẹ fi síbí?"

"Omi oníyọ̀."

"Omi oníyọ̀ kì í ṣe báyìí."

"Ó lè jẹ́ pé mo da iyọ̀ púpọ̀."

Ọ̀rẹ́ mi wúkọ́ níbi tó wà. Dókítà náà tún wo ojú egbò náà, ó fi dígí kékeré wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ó bi mí ní oògùn tí mo ń lò. Mo ní oògùn eegun ni, tọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbé irin sílẹ̀, ó pa iná, ó yí àga rẹ̀ kọjú sí mi.

Ó ní kí n fara balẹ̀ gbọ́. Ó ní irú oògùn bẹ́ẹ̀ dára, ó ti gba ọ̀pọ̀ ìyá lọ́wọ́ kí ìbàdí wọn ṣẹ́. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò wọ́pọ̀ rárá, èrìgì ẹni tó ń lò ó máa ń là fúnra rẹ̀, eegun inú ẹnu á yọ síta, kò sì ní fẹ́ jinná. Ó ní ohun tí òun rí lẹ́nu mi jọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni, òun á kọ̀wé sí dókítà eegun kó dá oògùn náà dúró fún mi, a ó ya fọ́tò ẹ̀rẹ̀kẹ́, eyín náà sì lè má ṣeé fi sílẹ̀.

Ẹ wò mí lórí àga yẹn. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, tàbí pé ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á gba oògùn tó ń tún ọwọ́ mi ṣe, wọ́n á sì tún gba eyín tí mo ń torí rẹ̀ sá kiri. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ọmọ tí mo lè bí á mọ̀ pé àgbàlagbà kan wé oògùn sínú òwú, ó kì í sétè. Ojú tì mí ju bí ètè ṣe ń dùn mí lọ. Mo wá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.

"Dókítà, ṣé ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn?"

"Bíi kí ni?"

"Bíi pé... bí ènìyàn bá fi nǹkan kan síbẹ̀."

"Nǹkan bíi kí ni, Màmá?"

"Nǹkan tó ń ta."

"Ata?"

"Ta ló ń fi ata sí èrìgì?"

"Èmi kò mọ̀ o. Ẹ̀yin lẹ ní nǹkan tó ń ta."

Ọ̀rẹ́ mi kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Àlàájà, ẹ sọ ọ́ jọ̀ọ́! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè, wọ́n bi yín ní ẹyọ kan, ẹ ń yí po."

Mo bá sọ ọ́. Mo sọ ti abẹ, mo sọ ti òwú, mo sọ Jímọ̀ méjèèjì. Mo ní mo jókòó ṣánṣán. Ìgbà tí mo dé ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi ki orí sáàárín orúnkún, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Dókítà náà fi ọwọ́ bo ẹnu, ó gbìyànjú, ẹ̀rín gbé e. Nígbà tó tán, ó nu ojú, ó bẹ̀ mí.

"Ẹ má bínú, Màmá. Ta ló ní kí ẹ ṣe é?"

"Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe é. Mo rò ó ni."

"Ẹ sọ bí ẹ ṣe rò ó fún mi."

Mo sọ ọ́, láti orí ìbàdí títí dé ìdí eyín. Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní ìrònú mi kò burú, ibì kan ló ti ṣìnà: oògùn yẹn kò lè gba ara èrìgì wọ inú eegun, jíjó ló ń jó o. Ó mú bébà, ó ya òpó kan tó dúró nínú iyẹ̀pẹ̀. Ó ní òpó yẹn ni eyín, iyẹ̀pẹ̀ ni eegun, èrìgì sì ni simẹ́ǹtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n rẹ́ sórí ilẹ̀. Ìdọ̀tí tó ti le bí òkúta ló wọ abẹ́ simẹ́ǹtì náà, ó ń lé iyẹ̀pẹ̀ sẹ́yìn láti òkè. Láti ìgbà tí nǹkan oṣù mi sì ti dúró, iyẹ̀pẹ̀ náà ń fúyẹ́ láti inú. Nǹkan méjì ló ń jẹ ilẹ̀ kan náà.

Mo wo àwòrán yẹn títí. Àwọn dókítà méjì, yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ọ̀kan ń wo ọwọ́, ọ̀kan ń wo ẹnu, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n jọ ń sọ. Ìgbà náà ni mo tún jẹ́wọ́ irọ́ kejì, èyí tí mo pa fún dókítà eegun pé eyín mi le koko. Kò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ó ní bí mo bá ti sọ òtítọ́ lọ́jọ́ yẹn, wọn ì bá ti rán mi wá sọ́dọ̀ òun kí n tó gbé hóró kan mì. Ó gbé fóònù, ó pe ọkùnrin náà níṣojú mi. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé kí n sinmi oògùn náà títí egbò á fi jinná. Bó bá jinná kíákíá, oògùn tí mo kì síbẹ̀ ló jó o. Bí kò bá jinná, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan tó tẹ̀lé e gùn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mò ń gbé ètè sókè níwájú dígí. Ọ̀rẹ́ mi náà ń yẹ̀ ẹ́ wò ní ìsọ̀, á fi iná fóònù tàn án, àwọn oníbàárà á dúró máa wò wá. Ní bí ọjọ́ mẹ́wàá, funfun náà ti ń di pupa. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ó ti padé. Fọ́tò ẹ̀rẹ̀kẹ́ jáde, kò sí eegun tó yọ síta. Dókítà eyín náà pàtẹ́wọ́ fún mi bíi pé mo yege ìdánwò. Wọ́n ní kí n padà sórí oògùn mi, kí n máa gbé odindi rẹ̀ mì. Ó tẹnu mọ́ odindi.

Ó wá fi ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ha ìdọ̀tí abẹ́ èrìgì mi. Abẹ́rẹ́ tó kọ́kọ́ fún mi nìkan ló dùn mí. Ó fi èyí tó ha jáde hàn mí lórí gọ́ọ̀sì, aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di egbò, ó dà bí èérún òkúta tí wọ́n fi ń kọ́lé. Ó ní kí n máa lo búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ láàárọ̀ àti kí n tó sùn. Mo bi í ní ti pákò. Ó ní òun kò bá pákò jà, ọwọ́ tí mo fi ń rìn ín ló le jù.

Ó ku nǹkan kan. Ó ní eyín náà ń fẹ́ ohun tó máa dì í mú kí eegun lè ráyè sinmi lábẹ́ rẹ̀. Wáyà tín-ín-rín ni wọ́n máa ń fi so ó mọ́ àwọn tó wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n èjí wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ó ní òun lè fi nǹkan funfun tó jọ eyín dí àlàfo náà pa, á le, á sì gún, ẹnikẹ́ni kò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Tàbí kí wáyà náà la èjí kọjá ní gbangba, ènìyàn á sì máa rí i.

Mo bi í pé èwo ló máa dì í mú jù. Ó ní ìyàtọ̀ wọn kò pọ̀, pé èyí tó bá wù mí ni.

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Ẹ jẹ́ kí wọ́n dí i, Àlàájà. Eyín á kún fọ́fọ́ bíi ti òyìnbó."

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó hàn."

Láti ọjọ́ náà ni okùn fàdákà tín-ín-rín kan ti wà láàárín èjí mi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín fún ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó súnmọ́ mi dáadáa, ó ní, "Ẹ ti ta okùn aṣọ. Ẹ wá nǹkan kékeré sá sí i." Télọ̀ kan tiẹ̀ bi mí bóyá ẹ̀ṣọ́ tuntun ni, pé níbo ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí dókítà eyín náà tún fi ìdí irin méjì mú eyín yẹn láàárín. Ó tì í. Ó tún un tì. Kò mì bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó fi irin ẹlẹ́nu ṣóṣóró wọn abẹ́ èrìgì mi yíká, ó ń pe nọ́ńbà bí àlàfo abẹ́ rẹ̀ ṣe jìn tó fún ẹni tó ń bá a kọ ọ́, nọ́ńbà náà sì kéré sí ti àkọ́kọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Ó ní eyín náà ń bá mi gbé nìyẹn, bí mo bá ń tọ́jú rẹ̀.

Mo dìde jókòó lórí àga. Mo ní, "Dókítà, èwo nínú wọn ló ṣe é? Ṣé híha ni, àbí wáyà, àbí oògùn eegun tó ti wá mọ ọ̀nà ẹnu?"

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó rò ó díẹ̀. "Màmá, híha ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé lórí. Oògùn yẹn, ó jọ pé ó ń ran àwọn míì lọ́wọ́. Bóyá ó ran tiyín lọ́wọ́, mi ò lè yà á sọ́tọ̀ lẹ́nu ẹnì kan ṣoṣo. Èmi náà fẹ́ mọ̀."

"Tí mo bá dá oògùn náà dúró fún oṣù díẹ̀, tí mo sì ń fọ ẹnu mi, ṣé a ò ní mọ èyí tó ń ṣe é?"

Ó ti fẹ́ máa rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀. Ó gbá ìka mi mú.

"Màmá! Ẹ má dán an wò o. Ọwọ́ yín ńkọ́? Ìbàdí yín ńkọ́?"

Mo ní mi ò ní dán an wò. Mo sì sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ó ní kí n búra, mo búra. Ó pe ọ̀rẹ́ mi wọlé kó wá ṣe ẹlẹ́rìí, ìyẹn náà ní òun á máa wá síléè mi ní gbogbo Jímọ̀ láti wá wo bí mo ṣe ń gbé e mì.

Ó sì ń wá. Á jókòó tì mí, èmi á jókòó ṣánṣán, á máa sọ fún mi nípa ẹnì kan láti Àpákun tó ra bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi á máa gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ahọ́n mi á wà lẹ́yìn eyín, á máa tì í díẹ̀díẹ̀, láti mọ̀ bóyá ó yí padà sí ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.